Obìnrin Inú Rélùwéè Chennai

Tí ẹ bá máa wọ rélùwéè alẹ́ ní Íńdíà, ẹ gba bẹ́ẹ̀dì òkè. Ìsàlẹ̀ lèmi gbà lọ́jọ́ tí mò ń kánjú gbé oògùn lọ fún màmá mi ní ọsibítù kan ní Chennai.

Ọkọ̀ dúró. Ìyá àgbà kan tó fi sárì bojú wọlé láti inú òjò, ó jókòó tì mí. Aṣọ rẹ̀ gbẹ táútáú.

Ẹ̀kọ́ ilé ò jẹ́ kí n dákẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí i lédè wa: "Ẹ káalẹ́, mà."

Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí. "Àwẹ̀ró, o kú ìrìn. Má kánjú mọ́."

Màmá mi nìkan ló ń fi oríkì yẹn pè mí. Mo wo ọwọ́ náà bó ṣe ń kúrò lórí mi. Okùn ìdánimọ̀ tí wọ́n so mọ́ màmá mi lọ́wọ́ ní ọsibítù ló wà lọ́rùn ọwọ́ náà, orúkọ màmá mi sì wà lára rẹ̀.