Arákùnrin Aláìwọ-Bàtà Tí Zacchaeus Dúró Fún

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á tán kí ẹ tó lọ dúró fún ẹnikẹ́ni.

1.
Ní Ìgàndó, lọ́dún 1991, kò sí ohun tí Zacchaeus Ọdẹ́tọ́lá fẹ́ràn tó kí wọ́n ní kó wá gba béèlì èèyàn. Akọ̀wé ìjọba ni, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun sì ni. Bó bá ti dé àgọ́ ọlọ́pàá, á wúkọ́ díẹ̀, á ní, "Èmi ni mo dúró." Inú rẹ̀ á dùn bí ẹni jẹ oyè.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, bó ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó yà kí wọn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọkùnrin kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn káńtà, nínú sùtánà funfun.

"Bàbá, ẹ gbà mí! Aṣọ kan náà la jọ wọ̀. Ìjà lásán ni wọ́n torí ẹ̀ mú mi."

Zacchaeus wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò wọ bàtà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé aláṣọ funfun kì í wọ bàtà sí sùtánà.

"Ojúlówó ni!" ló wí.

Sájẹ́ńtì Múdàṣírù bi í pé, "Ẹ mọ̀ ọ́n, sà?"

"Bí ẹní mowó."

"Kí lorúkọ ẹ̀? Ibo ló ń gbé?"

Ọkùnrin náà sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí Zacchaeus létí. Zacchaeus ní, "Olúbọ̀dé ni. Egan ló ń gbé."

"Ẹni tó gún lọ́bẹ ṣì wà ní ọsibítù o. Tá a bá wá a tì, ẹ̀yin la máa rí."

"Kò séwu, jàre." Ó fọwọ́ síwèé.

2.
Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n kanlẹ̀kùn gbà-gbà-gbà. Morónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ṣí i.

Sájẹ́ńtì ní, "Ẹni tí wọ́n gún ti kú. Olúbọ̀dé dà?"

Zacchaeus fi òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú wọn lọ sí Egan. Ibi tí Olúbọ̀dé júwe, oko ẹ̀gẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

"Ṣé wọn ò mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ni?"

"Sájẹ́ńtì, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mo wò… kò wọ bàtà."

Sájẹ́ńtì ní, "Ọ̀gá, àwa la bọ́ bàtà ẹ̀. Ta ló ń wọ sẹ́ẹ̀lì tòun ti bàtà? Sùtánà yẹn, orí okùn ìsáṣọ alágbàfọ̀ ló ti já a nígbà tó ń sá fún wa."



3.
Wọ́n tì í mọ́lé. Lọ́yà kan sọ fún Morónkẹ́ pé òfin ò ní kí wọ́n ti onídùúró mọ́lé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìta ni lọ́yà wà tó ti ń sọ ọ́. Inú ni Zacchaeus wà.

Morónkẹ́ sáré lọ bá Akínbọ́lá, aládùúgbò tí Zacchaeus ti gba béèlì rẹ̀ rí.

"Ìyàwó wa, màá fi í sádùúrà."

"Àdúrà kọ́ ni mo bá wá, ẹ wá dúró fún un ni!"

"Háà. Tí òun náà bá sá ńkọ́?"

"Zacchaeus? Bàbá Àyìnkẹ́ á sá?"

Akínbọ́lá rọra ti ilẹ̀kùn. Bí gbogbo àdúgbò ṣe dáhùn nìyẹn, ilé dé ilé.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n ké sínú sẹ́ẹ̀lì: "Ọdẹ́tọ́lá!"

Ó fò dìde. "Ṣé onídùúró mi ti dé?"

"Rárá. Mọ́tò tó máa gbé ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wádìí ẹjọ́ ìpànìyàn ló dé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, béèlì kì í ṣe oyè. Bí ẹ ò bá mọ ilé ẹni, tẹ́ ẹ ò mọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, tẹ́ ẹ ò mọ ará ilé rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ má fọwọ́ síwèé fún un, ìbáà jẹ́ aṣọ áńgẹ́lì ló wọ̀. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.