Mummy Ń Jó

Gbogbo Sátidé, tí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́ care tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Thamesmead, ní London, mo máa ń pe Ṣògo, àbúrò mi, ní Ìkòròdú.

Màá tan orin, Mummy á jó.

Lónìí náà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Plumstead, mi ò tíì bọ́ uniform.

"Mummy ńkọ́?"

"Wọ́n wà ńbí, Sister mi. Ọ̀fun ló ń dùn wọ́n, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà tan orin."

Mo tan án.

"Ṣé wọ́n ń jó?"

"Wọ́n ń jó. Wọ́n tiẹ̀ ti bọ́ bàtà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó dìgbà.

Ṣògo kì í rántí pa fóònù. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mo yára tẹ mute, kó má baà gbọ́ ẹkún tèmi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí Auntie Moráyọ̀ ti ṣèèṣì sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Bísọ́lá, o kú ara fẹ́ra kù Mummy."

Ṣògo fẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì mi ná kó tó sọ fún mi. Kò mọ̀ pé mo ti gbọ́.

Kò sì mọ̀ pé gbogbo Sátidé làwa méjèèjì jọ ń sunkún ìyá wa.