Ìgò Òfo Tí Kò Bá Òkúta Rìn

Kò tíì ti ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí náà dé tán tó fi ń pariwo pé, "Ó ti parí! Ẹ dìde o, ó ti parí!" Ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó-Ti-Parí ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, nítorí pé ìkánjú ni àléébù rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí kì í jọ iṣẹ́ lójú rẹ̀.

Màmá Olókùúta, ọ̀gá wọn, ti awò ojú rẹ̀ sókè sí iwájú orí. Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin yìí ti lò lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá èèpo ilẹ̀ tí à ń rìn lé yìí? Kò sí ẹni tó lè gbẹ́ ilẹ̀ débẹ̀. Òkè tó ń yọ iná ló máa ń tu òkúta ibẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá ti ṣa irú rẹ̀ kan rí, kò tóbi ju ẹyin adìẹ lọ. Kò pẹ́ sígbà náà tí iná ṣàn bo gbogbo ibẹ̀, kò sì sí òmíràn mọ́. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́ ti rì dé ọ̀gbun yẹn rí. Ní ìparí ọdún ni yóò fẹ̀yìn tì, Ó-Ti-Parí ló sì fẹ́ fi yàrá náà lé lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń bi òkúta léèrè ọ̀rọ̀ yani lẹ́nu. Kálíṣíọ́mù, èyí tó wà nínú eegun wa àti nínú wàrà, wà nínú òkúta pẹ̀lú. Àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ rẹ̀ jọra bí ìbejì, síbẹ̀ àwọn kan wúwo ju àwọn kan lọ. Àwọn tó di ẹfun nísàlẹ̀ òkun sábà máa ń fúyẹ́ díẹ̀ ju àwọn tó dì sínú òkúta gbígbóná. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wọ̀n wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n inú wóró dúdú tí wọ́n ṣà lára òkúta Màmá, kálíṣíọ́mù ibẹ̀ kéré gan-an. Ìdọ̀tí tí ojú ò lè rí ti tó bà á jẹ́.

Ìdí nìyí tí Màmá fi ṣòfin pé ìgò òfo kan gbọ́dọ̀ máa bá ìgò òkúta rìn. Wọ́n á fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́, wọ́n á da ásíìdì sí i, wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á sì sẹ́ ẹ, láìsí òkúta kankan nínú rẹ̀. Kálíṣíọ́mù tí wọ́n bá bá níbẹ̀, ti ìdọ̀tí ni.

"Ẹ máa wá wò mí, mò ń se afẹ́fẹ́," ni Ó-Ti-Parí máa ń wí.

Bàbá Ẹ̀rọ, ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ìwọ̀n, máa ń dá a lóhùn pé, "Ìwọ sáà sè é jinná, àbúrò."

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ kan òkúta Màmá, omi mímọ́ ti tán, odidi ọjọ́ kan ni wọn yóò sì fi ṣe òmíràn. Ìpàdé àwọn onímọ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó-Ti-Parí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ṣí omi ẹ̀rọ, ó fi ṣan àwọn ìgò náà wàrà-wàrà. Kò gbé ìgò òfo kaná rárá. Iye tí wọ́n rí nínú ìgò òfo oṣù tó kọjá ló dà kọ sínú ìwé, ó sì fàlà sí i nídìí dáadáa.

Èsì iṣẹ́ náà ló gbé wọlé tó ń pariwo yìí.

"Òkun ni?" Màmá béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Òkun pọ́ńbélé, mà. Ó fúyẹ́ bí ẹfun."

"Ìgò òfo ńkọ́?"

"Ó wà nínú ìwé, mà."

Màmá jókòó, ó bo ojú rẹ̀. Ní ìpàdé náà, àwọn ènìyàn dìde pàtẹ́wọ́ fún Ó-Ti-Parí. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, òun náà sì ra bàtà tuntun.

Bàbá Ẹ̀rọ nìkan ni ara ń fu. Ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń ka ìgò fúnra rẹ̀. Ìgò méje ló wà nínú ìwé, mẹ́fà ni ẹ̀rọ rí. Bó ṣe ń ronú sí i níbi tí wọ́n ti ń po tíì, ó rí èépá funfun, kálíṣíọ́mù tí omi ẹ̀rọ fi sínú kẹ́tùlù. Ó fi ṣíbí ha díẹ̀, ó ní, "Jẹ́ ká wọn ìwọ náà wò ná." Nígbà tó wọ̀n ọ́n tán, iye kan náà ni pẹ̀lú òkúta Màmá, kò lé, kò dín.

Ó pe Màmá àti Ó-Ti-Parí.

"Àbúrò, ìgò wo ni ò dé ọ̀dọ̀ mi?"

Ó-Ti-Parí wo bàtà tuntun rẹ̀.

"Omi wo lo fi fọ ìyókù?"

Ó fi àgbọ̀n júwe omi ẹ̀rọ.

"Ó dáa. Òkun tó o rí yẹn, a ti ń fi po tíì láti ọjọ́ yìí wá."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Màmá béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Wóró mélòó ló kù?"

"Kò kù, mà."

"Kò ku ẹyọ kan?"

"Gbogbo rẹ̀ ni mo yọ́ pọ̀, mà. Kó lè yá."

Màmá di etí tábìlì mú. "Jókòó, kọ lẹ́tà sí àwọn onímọ̀ ìpàdé yẹn. Sọ ohun tó o ṣe. Má kọ 'a ṣe é'. 'Mo ṣe é' ni kó o kọ."

"Màmá, yàrá yìí ńkọ́?"

"Màá wá ẹlòmíràn fún un."

Ó-Ti-Parí kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá náà kúrò lára àwọn tirẹ̀, ó gbé e sórí lẹ́tà, ó sì jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ má fi ojú yẹpẹrẹ wo apá iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní yìn yín sí, torí òun gan-an ló ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìyókù. Ẹ má sì kọ ohun tí ẹ kò ṣe sílẹ̀ bí ẹni pé ẹ ṣe é. A lè bẹ ọ̀gá kó dárí jì wá, a sì lè wá iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí obìnrin kan fi ọgbọ̀n ọdún bi ilẹ̀, ìkánjú ọjọ́ kan ti pa ìdáhùn rẹ̀ rẹ́, ẹ̀bẹ̀ kò sì lè dá òkúta náà padà.