Ìmọ̀ràn fún Àlejò Tó Ń Bọ̀ ní Gozo

Ní erékùṣù Gozo, kọ́kọ́rọ́ ilé kì í gbé inú àpò. Ara ilẹ̀kùn níta ló ń gbé, kí aládùúgbò má baà máa kanlẹ̀kùn bí agbowó-orí. Ti ilé Ċensa ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí Wistin ọkọ rẹ̀ mú un wọlé bí ìyàwó, ó sì ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbé Wistin jáde. Ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà ní aago méjì lára: ti ọ̀tún fún ènìyàn, ti òsì, tí kì í sọ àkókò tòótọ́, fún Sátánì, kó má baà mọ ìgbà tí Máàsì yóò bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún ń wo ti òsì. Bóyá Sátánì pàápàá ti ṣíwọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú ni Nazju, àbúrò Ċensa, mú ìwé àdéhùn wá. Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀gbẹ́ni Thirlwell, fẹ́ ra ilé náà. Ċensa fọwọ́ sí i. Lásìkò náà, bí wọ́n bá gbé ìwé wá pé òun ni bíṣọ́ọ̀bù, yóò fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: kí ẹni tó ń rà dé ọ́fíìsì lọ́yà kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ògọ́ọ̀sì tó lù. Bí kò bá dé, àdéhùn kú, ilé kò tà mọ́. Bó bá tà, Ċensa yóò lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Melbourne, níbi tí Nazju sọ pé afẹ́fẹ́ ti dára. Nazju kò dé Melbourne rí. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì náà ti ṣèlérí mọ́tò rẹ̀ àtijọ́ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin yìí ò mọ ọ̀nà," Nazju wí. "Ẹ̀yin lẹ ti ṣiṣẹ́ nílé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí i. Tó bá ṣìnà, kò tún sí òmùgọ̀ tó máa ra ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò."

"Kò jò nígbà tí o ń sùn lábẹ́ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún mẹ́fà."

"Ẹ ṣáà kọ ọ́."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ċensa fi kọ ọ́. Nígbà tó parí, ó kà á fún Nazju.

"Ọ̀gbẹ́ni ọ̀wọ́n, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́, kí atẹ́gùn tó jí. Ẹ bọ́ aago ọwọ́ yín, kí ẹ fi aṣọ wé e sí ìsàlẹ̀ báàgì. Òkun wa fẹ́ràn aago ju ẹja lọ. Bọ́ọ̀sì máa ń gbéra nígbà tí awakọ̀ bá mu kọfí rẹ̀ tán. Ẹ má bínú sí i. Ẹ má béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ bàbá àgbà kankan. Yóò sìn yín débẹ̀, yóò sì bá yín jẹun. Bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ ehoro fún yín, ẹ sọ pé ìyá yín ò lè sè é tó báyìí."

Nazju rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ċensa fi máa ṣí ojú ewé kejì, ọkàn Nazju ti wà nínú mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì náà.

"Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ́fíìsì lọ́yà wà. Kò fẹ́ràn ẹni tó bá tètè dé. Ẹ jókòó sórí àga gbọọrọ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ní ìpẹ̀kun ọwọ́ òsì, níbi tí ibòòji wà. Ẹ ó máa rí aago dáadáa láti ibẹ̀. Ẹ dìde ní mọ́kànlá. Ọ̀la rẹ̀ ni àjọ̀dún Màríà Mímọ́, wọn ó máa lu agogo, wọn ó sì máa yin ìbọn ayẹyẹ tọ̀sán-tòru láìnídìí. Ẹ má dá wọn lóhùn."

"Ó dáa," Nazju wí. "Ó dáa gan-an ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Nazju gbé àpótí ìrìn-àjò Ċensa sí ẹnu ọ̀nà.

"Ó mà fúyẹ́ o."

"Kí ni opó ní?"

Láti aago mẹ́wàá ni Nazju ti dúró sí ẹnu ọ̀nà lọ́yà, tó ń wo ojú títì. Bọ́ọ̀sì mẹ́rin wá. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú adìyẹ, ẹlòmíràn pẹ̀lú ìbátan rẹ̀. Ċensa jókòó nínú ọ́fíìsì, ó káwọ́ lé itan.

"Ó máa dé," ó wí. "Gbogbo nǹkan ni mo kọ fún un."

Agogo méjìlá ọ̀sán lù, ìbọn dún. Lọ́yà pa fáìlì dé.

"Àdéhùn ti kú," ó wí. "Ẹ kú ọdún."

Nazju sáré yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Ọ̀gbẹ́ni Thirlwell jókòó sí ìpẹ̀kun àga, fìlà lórí, ife kọfí kẹta lọ́wọ́. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ló bá wá.

"Ẹ káàárọ̀, Nazju. Ṣé ẹ rí i pé mo tètè dé? Aago mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni."

Nazju gbójú sókè. Láti ìpẹ̀kun àga náà, àsíá àjọ̀dún ti bo aago ọ̀tún, bó ti máa ń bò ó lọ́dọọdún. Èyí tó kù ń tọ́ka sí mẹ́wàá.

"Aago Sátánì nìyẹn," ó wí, ó sì jókòó.

"Ti ta ni?"

Ċensa dé. Gẹ̀ẹ́sì náà dìde, ó ṣí fìlà.

"Màmá, mo tẹ̀ lé lẹ́tà yín lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n se ehoro fún yín kí ẹ tó padà."

"Ẹ̀gbọ́n mi," Nazju wí, "kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un nípa aago?"

"Ó fò mí ni. Orí opó, o mọ̀ bó ṣe ń rí."

Nígbà tó délé, ó ṣí àpótí, ó kó ohun kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ jáde, ìyẹn lẹ́tà mẹ́jọ tó ti kọ́kọ́ kọ, nínú èyí tó ti ń sún ìjókòó ọkùnrin náà sí òsì díẹ̀díẹ̀ títí àsíá fi bo ohun tó yẹ kó bò, ó sì fi wọ́n dáná ehoro.