Àbúrò Tó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí àgbàlagbà kan wà nínú ilé yín tí kò lè dá dìde.

1.

Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n, obìnrin ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì ti darúgbó. Ẹ̀gbọ́n fi ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó lọ́yàyà, ó mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe. Àbúrò ń ránṣọ. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé nǹkan.

Nígbà ọ̀dọ́ wọn, ọkùnrin kan fẹ́ fi Aránṣọ yìí ṣaya. Tíṣà gba ẹ̀yìn lọ bá a, ó ní orí àbúrò òun kò pé. Ọkùnrin náà sá lọ, ọ̀rọ̀ náà sì padà ta sí Aránṣọ létí. Aránṣọ kò lọ́kọ títí tó fi hewú, Tíṣà kò sì bẹ̀ ẹ́ rí. Ṣe ni wọ́n ń kí ara wọn bí ẹni pé kò sí nǹkan.

2.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà ṣubú ní balùwẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ, ẹnu ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ.

"Ẹ gbé wọn fún mi," ni Aránṣọ wí. "Ọmọ ìyá mi ni. Èmi ni màá tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi."

Àwọn ará àdúgbò ń yìn ín. Ẹnu ni wọ́n ń wò, wọn ò rí inú.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lóúnjẹ lásìkò, aṣọ ibùsùn rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ìyà kan wà tí àpá rẹ̀ kì í hàn lára. Yàrá ẹ̀yìn ló gbé e sí, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí ògiri aládùúgbò. Ó pa fóònù Tíṣà, ó jù ú sínú àpótí abẹ́ máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Bí àwọn ọmọ iléèwé àtijọ́ bá wá kí i, yóò gba èso tí wọ́n mú wá, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ṣé o. Wọ́n ń sùn ni. Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má yọ wọ́n lẹ́nu."

Bí Tíṣà bá wá fi ahọ́n tó wúwo béèrè pé, "Ta... ló kanlẹ̀kùn?" á ní, "Oníbàárà ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló fẹ́ wá wò yín? Ayé ti gbàgbé yín."

Tíṣà á yíjú sí ògiri.

3.

Nọ́ọ̀sì kan máa ń wá na iṣan rẹ̀, á ní kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún fún bọ́ọ̀lù kékeré kan. Níbẹ̀rẹ̀, Tíṣà a máa ṣàwàdà: "Ọwọ́ yìí... ni màá fi gbá ẹ létí!" Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù á bọ́ sílẹ̀, kò ní wò ó.

Nọ́ọ̀sì pe Aránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mà, apá yẹn ti fẹ́ máa gbọ́ràn. Ọkàn wọn ló ń kú lọ. Ṣé wọn ò lẹ́ni tó lè máa bá wọn ṣeré ni?"

"Wọn ò lẹ́nì kankan."

Ló bá padà sídìí máṣíìnì, ó ń ránṣọ, ó ń kọrin lábẹ́nu. Ẹ wo ayọ̀ burúkú!

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń ya irun Tíṣà. Tíṣà fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àbúrò mi... gbogbo ayé lọ. Ìwọ nìkan ló kù. O ṣé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ló yẹ kó ti yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń pọ́n ọ̀bẹ látìgbà ọ̀dọ́ fẹ́ kí ẹni tí òun gún mọ̀ pé òun ni.

"Wọn ò lọ," ni Aránṣọ wí. "Wọ́n ń wá! Èmi ni mò ń lé wọn. O gba ọkọ lọ́wọ́ mi, mo gba èèyàn lọ́wọ́ ẹ. Jókòó, kí ìwọ náà máa wo ògiri!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ìwọ" rí.

Omi bọ́ lójú Tíṣà. "Ìlara ni. O rẹwà jù mí lọ. Ojú ló ń tì mí... mi ò lè bẹ̀ ẹ́. Dárí jì mí. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n wọlé."

Ọ̀rọ̀ tí Aránṣọ ti ń retí látọjọ́ yìí nìyẹn. Ó ní, "Ó ti pẹ́ jù," ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Láti ọjọ́ náà, bó bá gbé ṣíbí oúnjẹ wá, Tíṣà á pa eyín pọ̀, kò ní jẹ. Nígbà tí ẹ̀rù ba Aránṣọ, ó sáré tan fóònù, ó ń pe tibí, ó ń pe tọ̀hún: "Ẹ máa bọ̀, wọ́n fẹ́ rí yín!" Kí ẹni àkọ́kọ́ tó dé, Tíṣà ti kú.

4.

Èrò kún àgbàlá lọ́jọ́ ìsìnkú. Ọkùnrin kan ní, "Mo wá wò wọ́n, Aránṣọ ní wọ́n ń sùn." Obìnrin kan ní, "Èmi náà!" Ẹlòmíì ní, "Bó ṣe sọ fún mi nìyẹn!"

Nọ́ọ̀sì ń wò wọ́n, ẹnu yà á. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọ̀ tó báyìí? Àbúrò wọn ní wọn ò lẹ́nì kankan."

Gbogbo ojú yí sí Aránṣọ. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sẹ́ni tó nà án. Wọ́n kàn kẹ́rù wọn, wọ́n lọ. Lọ́jọ́ kejì, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba aṣọ tí kò tíì rán. Máṣíìnì dákẹ́.

Ó gbẹ̀san tán, kò kù síbì kan. Ọkọ tó sọnù kò padà. Ẹni kan ṣoṣo tó rántí orúkọ tí ìyá wọn fi ń ṣìkẹ́ rẹ̀ ti wọ ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá jà mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè bá parí ìjà.

Ẹ gbọ́ o! Bí àgbàlagbà tó wà lọ́wọ́ yín bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ fún un nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Bí inú yín ò bá gbà á, ẹ gbé e fún ẹni tí inú rẹ̀ gbà á. Ẹ má fi àìsàn rẹ̀ ṣe pàṣán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rọ, ọkàn rẹ̀ kò rọ. Ó ń fẹ́ ohùn èèyàn bó ṣe ń fẹ́ oúnjẹ. Ẹni tó bá sì fi ìdánìkanwà pa ẹlòmíì, kó má retí pé òun ò ní dá wà. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.