Ọkọ̀ Olówòkéré

"Ohun tó bá ti jẹ́ tèmi, bó wà nísàlẹ̀ òkun, n ó lọ mú un bọ̀," ni Olówòkéré wí ní èbúté Igbókòdá. Ó wí i sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń já ẹja fi dáwọ́ dúró. "Ẹ wò mí dáadáa. A kì í gba nǹkan lọ́wọ́ mi kó gbé."

"Ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́, Baba," ni ẹlẹ́ja kan dáhùn. "Ọkọ̀ ló sọnù, ilé ò jó."

"Ta ní sọ fún ẹ pé ó sọnù? Jákọ́bù ló jí i!"

Jákọ́bù ni àbúrò rẹ̀. Nígbà tí Olówòkéré wà ní Òkìtìpupa ni Jákọ́bù kó lọ sí Ayétòrò, ìlú ìjọ létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n ń jẹun pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í pe nǹkan ní tòun nìkan. Nígbà tí Olówòkéré dé, Moríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé Jákọ́bù ti lọ. Ó tún sọ fún un pé ọkọ̀ kò sí nídìí òpó mọ́. Ìyókù, Olówòkéré fúnra rẹ̀ ló rò ó pọ̀.

Olówòkéré àti Moríkẹ́ wọ ọkọ̀ èrò, wọ́n forí lé Ayétòrò. Moríkẹ́ gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan.

"Kí lo kó síbẹ̀ tó báyìí? Ṣé ìgbéyàwó là ń lọ ni?"

"Oúnjẹ ni, Baálé, púpurú àti aṣọ díẹ̀. Ìrìn omi, èèyàn kì í mọ—"

"Pa ẹnu ẹ dé."

Moríkẹ́ pa apẹ̀rẹ̀ dé.

Lójú omi, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lawrence bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Ó ní obìnrin kan sá lọ bá àwọn ará Ayétòrò lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n sì ní kó padà sílé. "Wọn kì í gba aya aláya, àfi bí ọkọ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ lójú àwùjọ pé òun ò ní in mọ́."

Olówòkéré rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ó kéré tán, wọ́n gbọ́n díẹ̀. Ọkọ obìnrin yẹn ni ọ̀dẹ̀. Ìyàwó ń sá lọ, kò mọ̀!"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Moríkẹ́ ń wo omi.

Olówòkéré ní Jákọ́bù kò ní lójú láti gbé ọkọ̀ olè wọ ìlú ìjọ. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti gbé e pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan lójú ọ̀nà. Torí náà, ó mú Moríkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní abúlé Zion Pepe, ó ń fẹsẹ̀ ta ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ wò títí àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe fi dìde sí i. Wọ́n gba inú igbó irà lọ sí Molútẹ̀hìn. Ẹ̀fọn bo wọ́n. Ó ń fi àdá ṣá gbòǹgbò igi, àní èyí tí kò dí i lọ́nà. Ní Molútẹ̀hìn náà, wọn ò rí nǹkan kan. Ó jókòó sórí kùkùté, ó tú èémí.

"Ó tó gẹ́ẹ́. Ká máa lọ sílé. N ó gbẹ́ òmíràn."

"Bẹ́ ẹ bá ṣe wí náà ni, Baálé," ni Moríkẹ́ wí. "Àwọn ẹlẹ́ja Igbókòdá á ṣáà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Á tán nílẹ̀."

Ó dìde fùú. Etí òkun ni wọ́n tọ̀ dé Ayétòrò, iyanrìn ń wọ́ wọn lẹ́sẹ̀, Olówòkéré ń bú ìgbì, ó ń bú Jákọ́bù, ó sì ń bú Moríkẹ́ pé kò yára rìn.

Gbangba ni ọkọ̀ náà wà ní èbúté wọn. Wọ́n ti dí ibi tó ń jò. Jákọ́bù sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí afárá pákó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀."

"Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n! Olè!"

Bàbá Ísákì, àgbà ìlú, jáde láti ilé káfíńtà, eérún pákó lára rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lu agogo. Tọkùnrin tobìnrin jáde láti ibi iṣẹ́.

"Kò sí ìjà, Baba," ni ó wí. "Àṣà wa ni pé ẹni tó bá wá gba nǹkan, kó dárúkọ ohun gbogbo tó jẹ́ tirẹ̀ níbí lójú gbogbo wa. A ó kó o fún un. Ọ̀rọ̀ parí."

Olówòkéré dárúkọ ọkọ̀. Ó dárúkọ àjẹ̀, àwọ̀n, okùn, ìdákọ̀ró, àti igbá fífọ́ tí wọ́n fi ń gbọ́n omi.

"Ẹ rò ó dáadáa, Baálé," ni Moríkẹ́ wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló bi ẹ́?"

"Ènìyàn ńkọ́?" ni Bàbá Ísákì bi í. "Ṣé ẹ ní ènìyàn níbí?"

Olówòkéré wo Jákọ́bù nílẹ̀. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. "Ènìyàn? Mi ò ní ẹnì kankan nílùú yìí! Ẹni tó wà níwájú mi, ẹni tó wà lẹ́yìn mi, n kò ní wọn, n kò sì fẹ́ wọn!"

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un wí, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́."

Ó tún un wí, ó pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Àmín," ni ìlú dáhùn.

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ fún un, títí kan igbá. Ó wọlé, ó jókòó sáàárín, níbi tó máa ń jókòó, ó ń dúró de ẹni tó máa ń wà á.

"Moríkẹ́, ó yá!"

Moríkẹ́ ti sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Hánà ń bá a so aṣọ iṣẹ́ mọ́dìí.

"Moríkẹ́!"

"A kì í gba aya aláya, Baba," ni Bàbá Ísákì wí jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́."

Olówòkéré dìde láàárín ọkọ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn, ó mú àjẹ̀. Ó wà á lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ yí po. Ó wà á lẹ́ẹ̀kejì, ó tún yí po. Jákọ́bù wọ omi dé àyà, ó bá a tì í, ó sì fẹnu sí i létí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wá síbí, ìyàwó yín ló wa ọkọ̀ yìí wá, òun nìkan, nígbà tí ẹ wà ní Òkìtìpupa, ó sì fi í sílẹ̀ níbí nígbà tí wọ́n ní kó padà lọ mú ẹnu yín wá."