Gbólóhùn Ṣáínà Kan Ṣoṣo

Ìyá Gbọ́lágadé ń kọ́ èdè Ṣáínà ní Fẹ́sítáàkì.

Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà, ẹnu rẹ̀ ń tún gbólóhùn kan ṣoṣo sọ tẹ̀lé fóònù.

"Mọ́mì, ẹ ti fẹ́ lọ bá Bọ̀dá Gbọ́lágadé ní Ṣáínà nìyẹn o!" Wùnmí, ayálégbé òkè, ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó rẹ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ṣáínà nìkan ló gbọ́."

Ìyàwó ọ̀hún pè lórí fídíò. Ó ń rìn láàárín òdòdó, ó fẹ́ yí kámẹ́rà.

Ìyá fọwọ́ bo fóònù, ó sọ gbólóhùn rẹ̀ láìkólòlò.

Ẹni tọ̀hún bú sẹ́kún.

"Mọ́mì, kí lẹ sọ?"

Ìyá tún ń ṣa ẹ̀wà.

"Mo ní kó má fi sàréè Gbọ́lágadé hàn mí. Òbí kì í rí sàréè ọmọ."